Ìbò Ìyá Alágbàfọ̀

Fóònù Ìyá Alágbàfọ̀ kò mọ ohun tí wọ́n ń pè ní àṣírí. Ọjọ́ tó já bọ́ sínú garawa omi ọṣẹ, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sá a sóòrùn, wọ́n gbé e lọ bá atúnfóònùṣe, ó sì jí. Ṣùgbọ́n jíjí tó jí yẹn, kò jí tán. Bí ẹnikẹ́ni bá pè, kò lè sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ síni létí mọ́, ariwo ni yóò máa fi ké. Ẹni tó ń lọ lójú títì á gbọ́, ẹni tó ń sá aṣọ lẹ́yìnkùlé á gbọ́. Atúnfóònùṣe ní etí rẹ̀ ló ti kú, ó ní kí màmá ra òmíràn. Màmá ní nítorí kí ni? Ṣebí ọ̀rọ̀ aṣọ ni wọ́n ń torí rẹ̀ pe òun. "Ẹ̀wù mi ti gbẹ?" "Ó ti gbẹ." "Ṣòkòtò mi ńkọ́?" "Ẹ wá mú un." Àṣírí wo ló wà nínú ṣòkòtò tó ti gbẹ?

Òótọ́ ló sọ. Àṣírí kan ṣoṣo ló wà láyé obìnrin yìí, kò sì sí nínú fóònù. Inú ikùn rẹ̀ ló wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ilé ṣe rí. Yàrá kan tó kọjú sí títì ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, nínú ilé Bàbá Onílé. Tábìlì gígùn ló wà láàárín rẹ̀, tó tẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì àtijọ́ lé lórí, àyọ́ọ̀nù ń gbé lórí irin ní ìkángun kan, ike omi tó fi ń wọ́n aṣọ ń gbé ní ìkángun kejì. Aṣọ tó ti lọ̀ tán kọ́ sára okùn bí àwọn tó ń dúró de mọ́tò. Níta, lára ògiri, akunlé kan ti bá a fi ọ̀dà búlúù kọ ọ́ gàdàgbà: ÌYÁ ALÁGBÀFỌ̀. A Ń FỌṢỌ, A Ń LỌṢỌ. Nọ́ńbà fóònù wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni Bàbá Onílé ní kí wọ́n kọ tirẹ̀ sí: YÀRÁ WÀ NÍLẸ̀, tòun ti nọ́ńbà. Onígbàjámọ̀ tó wà ní yàrá kejì náà kọ tirẹ̀ sókè ẹnu ọ̀nà, ó tún ya orí ènìyàn kan sí i tí kò jọ orí ẹnikẹ́ni.

Bàbá Onílé kì í ṣe ènìyàn burúkú. Nígbà tí ọkọ Ìyá Alágbàfọ̀ kú, tí àwọn kan ń sọ pé opó kò ní lè dá ṣọ́ọ̀bù gbé, òun ló ní kí wọ́n fi í sílẹ̀, pé ẹni tó bá mọ ibi tí ìdọ̀tí wà lára kọ́là, ó mọ ibi tó yẹ kó gbé. Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú. Ẹgbẹ́ Àtẹ̀gùn ló ń ṣe, ó sì ń ṣe é tọkàntara. Àwòrán àtẹ̀gùn wà lára géètì, ó wà lára fìlà rẹ̀, ó wà lára táǹkì omi tó wà lókè ilé, táǹkì tí kò tíì rí omi mu láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e gùn ún.

Nígbà tí ìbò tó kọjá ku díẹ̀, ó kó gbogbo ayálégbé jọ sábẹ́ ibòji ó ní, "Ilé kan, ohùn kan. Ẹni tí ohùn yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó lọ wá ilé míì." Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkọ Ìyá Alágbàfọ̀, tó ṣì wà láyé nígbà náà, ni ohùn rẹ̀ ròkè jù. Ìyàwó rẹ̀ mi orí.

Ṣùgbọ́n alágbàfọ̀ ni. Ẹni tó ń lọ pọn omi láti ìsàlẹ̀ àdúgbò, tó ń fi kẹ̀kẹ́ ti kẹ́ẹ̀gì gun òkè, tí eegun ẹ̀yìn ń bá a wí ní gbogbo ìrọ̀lẹ́, irú ọ̀rọ̀ wo lẹ rò pé yóò wọ̀ ọ́ létí? Àwọn Ẹgbẹ́ Àtẹ̀gùn sọ ọ̀rọ̀ púpọ̀, wọ́n lu ìlù sí i. Obìnrin kan tó ń díje lábẹ́ Ẹgbẹ́ Àtùpà sì wá lọ́jọ́ kan, kò mú ìlù dání, ó wo kẹ́ẹ̀gì tó wà lórí kẹ̀kẹ́, ó ní, "Omi ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ dé àdúgbò yìí." Ó bá tirẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ìbò pé, tí Ìyá Alágbàfọ̀ wọ ẹ̀yìn aṣọ tí wọ́n ta síbi ìdìbò, òun àti bébà nìkan, ó fẹ́ tẹ àtẹ̀gùn ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n àtàǹpàkò tí omi ọṣẹ ti sọ di híhunjọ, bí ẹni pé ó lójú, ó rìn lọ sórí àtùpà. Ó ká bébà, ó jù ú sínú àpótí. Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ nílé, ọkọ rẹ̀ ní, "A ti ṣe é." Òun náà ní, "A ti ṣe é." Obìnrin alátùpà kò wọlé. Omi kò dé. Ọkọ padà kú, kò mọ̀. Ìyá Alágbàfọ̀ kò sọ fún ọ̀rẹ́, kò sọ fún ọmọ. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Òun sì mọ ẹnu rẹ̀ í pa mọ́.

Báyìí ni ìbò mìíràn tún ṣe ń bọ̀, ni fóònù bá bẹ̀rẹ̀.

Ní àkọ́kọ́, kò yé e. Ó ti gbé àyọ́ọ̀nù lé ẹ̀yìn ẹ̀wù kan, fóònù á dún, á sáré gbé e pé oníbàárà ni.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ ní lọ́kàn láti dìbò fún?"

"Aṣọ wo lo fẹ́ wá mú?"

"Rárá mà, ìbò ni."

"Mi ò fọ ìbò. Àwọ̀ wo ni?"

Onígbàjámọ̀ á máa rẹ́rìn-ín láti ẹ̀gbẹ́ kejì, abẹ á fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Ìyá, ẹ bi í bóyá kí ẹ fi sítáàṣì sí i."

Ṣùgbọ́n bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ẹ̀rín tán. Wọ́n ń pè láàárọ̀, wọ́n ń pè lọ́sàn-án. Ọmọdékùnrin á pè, ọ̀dọ́mọbìnrin á pè. Èyí á ní ọdún mélòó ni màmá, òmíràn á ní àwọn mélòó ló ń gbé nílé, ṣé wọ́n máa ń jáde dìbò, ẹgbẹ́ wo ni ti ọkọ. Ẹni tó bèèrè ọkọ yẹn, Ìyá Alágbàfọ̀ ní kó lọ bi í níbi tó wà. Àyọ́ọ̀nù sì ti jẹ kọ́là ẹ̀wù kan bí eku ti ń jẹ iṣu. Ó ní ohun tó ń dun òun kì í ṣe ariwo. Ó ní bí àlejò bá wọlé, á kọ́kọ́ kan ilẹ̀kùn, àwọn wọ̀nyí kò kan nǹkan kan, inú yàrá lèèyàn á kàn bá wọn tí wọ́n ń ṣí ìkòkò wò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni ọ̀rọ̀ wá yí padà. Bàbá Onílé wá mú ṣòkòtò. Ó jókòó sórí àpótí ìjókòó, fìlà alátẹ̀gùn wà lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ le díẹ̀, màmá rò pé oòrùn ni. Màmá ń lọ ẹsẹ̀ kejì ṣòkòtò náà lọ́wọ́ ni fóònù bá dún. Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀, ó fi ìka tó ní sítáàṣì tẹ̀ ẹ́.

Ohùn obìnrin kan ló jáde, ohùn dídùn, bí ẹni tí oyin wà lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Alágbàfọ̀. Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àtùpà la ti ń pè yín. A ní ká dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìbò tí ẹ dì fún wa nígbà tó kọjá."

 Ìyá Alágbàfọ̀ na ọwọ́ kó pa á, sítáàṣì yọ̀, fóònù fò lọ sábẹ́ tábìlì. Ohùn náà ń bá ọ̀rọ̀ lọ láti ìsàlẹ̀ ibẹ̀. "A ò gbàgbé yín o, màmá. A mọ àwọn tó fẹ́ràn wa. Ẹ tún bá wa tẹ àtùpà lọ́tẹ̀ yìí."

Ó tẹrí wọ abẹ́ tábìlì, ó rí i, ó tẹ̀ ẹ́, ó dákẹ́. Nígbà tó máa fi gbé orí jáde, Bàbá Onílé ti dìde. Kò wo ojú rẹ̀. Ó wo fóònù yẹn bí ẹni wo ejò tó jáde láti inú àpò aṣọ.

"A máa sọ̀rọ̀," ló sọ.

Ó jáde. Ṣòkòtò tó wá mú wà lórí tábìlì níbẹ̀, ó gbàgbé rẹ̀.

A máa sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ kéékèèké mẹ́ta yìí, ẹ kò rí bí wọ́n ṣe wúwo. Ìyá Alágbàfọ̀ jókòó ti àyọ́ọ̀nù, kò lè lọ aṣọ. Ó ń ro méjì pọ̀. Èkíní, báwo ni wọ́n ṣe mọ̀? Ẹ̀yìn aṣọ ló wà, òun nìkan, kò kọ orúkọ sí i, kíkọ náà kò sì rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ṣé àpótí yẹn lójú ni? Ṣé ọwọ́ òun ń rùn, tí wọ́n fi gbóòórùn ọṣẹ lára bébà? Èkejì, níbo ni òun fẹ́ gbé aṣọ àwọn ènìyàn lọ? Ilé kan, ohùn kan. Bàbá ti sọ ọ́ níṣojú gbogbo wọn. Kò sì sí ṣọ́ọ̀bù míì ní títì yẹn tí oòrùn ń dé ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ bíi tibẹ̀. Alágbàfọ̀ tí kò bá lóòrùn, ẹni tó kó aṣọ tútù jọ lásán ni.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn oníbàárà pé kí wọ́n wá kó aṣọ wọn. Èyí tí kò tíì gbẹ dáadáa, ó fi àyọ́ọ̀nù lé omi jáde lára rẹ̀. Ó ká bùláńkẹ́ẹ̀tì orí tábìlì wò, ó tún tẹ́ ẹ padà.

Àbígbẹ̀yìn rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ nọ́ọ̀sì nílùú míì pè é.

"Màámi, mo gbọ́ pé ẹ ń pe àwọn ènìyàn wá kó aṣọ. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kò sí nǹkan kan."

"Ohùn yín kò jọ ti kò sí nǹkan kan."

Kí ni kó sọ? Gbogbo ọ̀rọ̀ ọmọ náà ló ń dún dé òdìkejì títì. Ó fọwọ́ bo fóònù, ó dà bí ẹni fọwọ́ bo òjò. "Tí o bá wálé, màá sọ fún ọ."

"Nọ́ọ̀sì," onígbàjámọ̀ ti bọ́ sí i láti yàrá rẹ̀, "ẹ má dá màmá yín lóhùn. Ẹrù ni wọ́n ń dì. Bí wọ́n bá fẹ́ lọ́kọ, kí wọ́n sọ fún wa ká fá irun."

"Ìwọ, fá orí tó wà níwájú rẹ," ni Ìyá Alágbàfọ̀ sọ. Ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín lórí fóònù, òun náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde.

Láti ọjọ́ náà, adìẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìẹ. Bàbá Onílé ń gba ẹ̀yìnkùlé jáde kó má baà gba iwájú ṣọ́ọ̀bù. Bí Ìyá Alágbàfọ̀ bá gbọ́ ìró bàtà rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé, á rọra pa rẹ́díò. Wọn kò kí ara wọn. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní àwọn máa sọ, kò tíì dé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni akunlé wá, àkàbà ní èjìká, agolo ọ̀dà funfun lọ́wọ́. Ó gbé àkàbà ti ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ pa eruku orí orúkọ Ìyá Alágbàfọ̀.

"Kí lo fẹ́ ṣe síbẹ̀?"

"Bàbá ní kí n pa nọ́ńbà rẹ́ kúrò lára ògiri, Ìyá. Wọ́n ní gbogbo rẹ̀."

"Wọ́n ní tèmi?"

Akunlé wo nọ́ńbà màmá, ó wo ti Bàbá, ó wo ti onígbàjámọ̀. "Wọ́n ní gbogbo rẹ̀ ni mo gbọ́."

Etí Ìyá Alágbàfọ̀ kò gbọ́ ju ìwọ̀nba tí ẹ̀rù jẹ́ kó gbọ́. Ẹni tí wọ́n bá pa orúkọ rẹ̀ rẹ́ lára ilé, kí ló kù tí wọn kò sọ fún un? Ó dúró díẹ̀ nínú oòrùn. Ohun tó wá ń ro nísinsìnyí, ó ya òun gan-an lẹ́nu. Ó ní bí wọ́n bá máa lé òun, kí wọ́n lé òun lójú òun, kí wọ́n má fi ọ̀dà lé òun. Ó ní kí akunlé mu omi ná, kó sinmi díẹ̀. Ó wọlé, ó yọ ṣòkòtò Bàbá Onílé lára okùn, ó tún lọ ojú rẹ̀ kó mú bí ojú ọ̀bẹ, ó dì í sínú bébà, ó gun òkè.

Bó ti ń gun àtẹ̀gùn ló ń sọ fún ara rẹ̀. Ó lè sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa mọ́ òun. Ó rọrùn, èèyàn á gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n ó wo ìka rẹ̀, ó ní rárá. Bó bá bi mí, màá ní omi ni. Omi ni mo dìbò fún. Kó wá lé mi nítorí omi.

Bàbá Onílé jókòó ní pálọ̀, kò dé fìlà. Ohun kan ń dún lábẹ́ tìmùtìmù àga, ó ń dún kíkú-kíkú bí ẹni tí wọ́n fi aṣọ dí lẹ́nu. Fóònù rẹ̀ ni. Ó gbé ẹ̀yìn lé tìmùtìmù náà títí tó fi dákẹ́.

"Ẹ kú ilé, Bàbá. Ṣòkòtò yín rèé."

"Ẹ ṣeun. Ẹ jókòó."

Ó jókòó. 

"Bàbá, ọ̀rọ̀ tí ẹ ní ká sọ…"

"Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi ná, Ìyá." Ó tún ìjókòó ṣe. "Ohùn obìnrin tó pè yín lọ́jọ́ yẹn. Ṣé ó máa ń dà bí ẹni pé nǹkan dídùn wà lẹ́nu rẹ̀?"

"Òun gan-an ni."

Bàbá Onílé mí kanlẹ̀. "Ó ti pè mí."

Ìyá Alágbàfọ̀ fa àga rẹ̀ sún mọ́ ọn.

"Ìpàdé ẹgbẹ́ la wà. Etí mi kò gbọ́ dáadáa mọ́, ẹ̀yin náà mọ̀, mo sì máa ń jẹ́ kó pariwo. Àárín gbogbo wọn ni mo ti gbé e. Ó ní, 'Bàbá, Ẹgbẹ́ Àtùpà dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìbò tí ẹ dì fún wa.' Níwájú alága. Níwájú akọ̀wé. Èmi, tí àtẹ̀gùn wà lórí táǹkì mi." Ó fọwọ́ nu ojú. "Gbogbo wọn yíjú sí mi. Akọ̀wé tú fìlà rẹ̀ wò bí ẹni pé inú rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Láti ìpàdé yẹn ni mo ti ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín lọ́jọ́ náà. Mo ní kí n mú ṣòkòtò, kí n wọ̀ ọ́ lọ bẹ alága. Mi ò tíì jókòó dáadáa, ni obìnrin yẹn bá tún sọ̀rọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù yín. Ìyá, mo rò pé ó ń tẹ̀lé mi ni."

"Ìdí nìyẹn tí ẹ fi gbàgbé ṣòkòtò."

"Mo gbàgbé ara mi, ká má sọ ti ṣòkòtò. Láti ọjọ́ yẹn, oorun kò kun ojú mi. Mo ń bi ara mi, mo ní báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé mo…"

 Ọ̀rọ̀ náà ti dé ètè, ó sì fi ọgbọ́n àgbà yà á sọ́nà míì. "Báwo ni wọ́n ṣe mọ nọ́ńbà mi."

Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́ èyí tó sọ, ó sì gbọ́ èyí tí kò sọ. Kò gbé ojú sókè. Aṣọ tó wà ní itan rẹ̀ ló ń na ojú rẹ̀.

"Ó dára, Bàbá," ló sọ. "Èmi náà ń bi ara mi. Nọ́ńbà ni mo ń sọ."

"Nọ́ńbà ni."

Wọ́n jókòó bẹ́ẹ̀, wọ́n jọ ń bèèrè nípa nọ́ńbà.

Ibẹ̀ ni wọ́n wà tí onígbàjámọ̀ fi wọlé, aṣọ ìgẹ̀run ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, akunlé ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní kí wọ́n pa nọ́ńbà mi rẹ́. Ta ni yóò wá gẹrun lọ́dọ̀ mi? Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"O ò ṣẹ̀ mí. Àwọn oníbò tó ń pè wá yìí, mo rò ó títí, ara ògiri yẹn ni wọ́n ti ń da nọ́ńbà wa kọ. Mo sọ fún akunlé pé kó pa tèmi rẹ́, kó wá bi ẹ̀yin náà bóyá ẹ fẹ́ kó pa gbogbo rẹ̀."

Akunlé wo agolo ọ̀dà rẹ̀. "Ìkángun ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbọ́ jù, Bàbá."

Nígbà náà ni Ìyá Alágbàfọ̀ rántí. Ìyá Alágbàfọ̀ ni obìnrin ohùn dídùn yẹn pè é. Kò pe orúkọ tí ìyá tó bí i sọ ọ́. Ohun tó wà lára ògiri ló kà. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Àwọn ló fi ọ̀dà búlúù la ẹnu ògiri fúnra wọn.

"Ṣùgbọ́n nọ́ńbà ni ògiri sọ," ni ó rọra sọ, "ògiri kò sọ ìbò. Ọpẹ́ tí wọ́n ń dá yẹn ńkọ́?"

"Ọpẹ́?" Onígbàjámọ̀ wo ọ̀kan, ó wo èkejì. "Ṣé pé ẹ dìbò fún wọn? Wọ́n ti dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà. Àtùpà dúpẹ́, Àtẹ̀gùn dúpẹ́, àwọn kan tí mi ò mọ ohun tí wọ́n ń tà tún dúpẹ́. Ìyá, ẹ mọ̀ mí. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, mi ò dìbò rí. Lọ́jọ́ ìbò tó kọjá, mo sùn títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Mo ní ẹ̀yin tí ẹ ń dúpẹ́ oorun, ẹ kú ìdúpẹ́."

Bàbá Onílé la ẹnu, kò pa á dé. "Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ìwọ náà?"

"Wọ́n ní mo jẹ́ òpó ẹgbẹ́."

Àfi bí ẹni pé wọ́n ránṣẹ́ sí i, ni fóònù Ìyá Alágbàfọ̀ bá dún nínú àpò rẹ̀. Gbogbo wọn wò ó. Ọwọ́ Bàbá lọ sí tìmùtìmù láìròtẹ́lẹ̀. Màmá yọ fóònù jáde, ó gbé e sórí tábìlì kékeré tó wà láàárín wọn, ìka rẹ̀ gbẹ lọ́jọ́ náà, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn ọkùnrin ló jáde, ohùn gbàgàdà. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Alágbàfọ̀. Láti ọ̀dọ̀ Ẹgbẹ́ Àtẹ̀gùn ni. Alága ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ yín fún ìbò tí ẹ dì fún wa nígbà tó kọjá. A ò gbàgbé yín o, màmá. A mọ àwọn tó fẹ́ràn wa."

Ìyá Alágbàfọ̀ gbọ́ ọ pátá, dé ìkángun. Nǹkan tó ti dì sí i láyà láti ọjọ́ ṣòkòtò bẹ̀rẹ̀ sí í tú, díẹ̀díẹ̀, bí aṣọ tí wọ́n rẹ sómi lọ́wọ́ọ́rọ́. Wọn kò mọ nǹkan kan. Wọn kò mọ̀ rárá. Bébà rẹ̀ ṣì wà ní kíká bó ti ká a. Kò sí ojú lára àpótí, kò sí òórùn ọṣẹ, ẹnikẹ́ni kò rí ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣeun, ọmọ mi," ló sọ sí fóònù. "Ẹ bá mi kí alága. Ẹ sọ fún un pé gbogbo yín ni mo dìbò fún."

Ó pa á. Bàbá Onílé ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀, ó ń fi ṣòkòtò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ nu ojú, Ìyá Alágbàfọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ kó má baà hun jọ. Akunlé náà ń rẹ́rìn-ín, kò mọ ìdí. Ẹ̀rín tí Ìyá Alágbàfọ̀ kò rí rín fún ọmọ rẹ̀ lọ́jọ́ tọ́hùn-ún, ibẹ̀ ló ti jáde, ó sì pọ̀.

"Ìwọ lo máa bá mi sọ̀rọ̀ fún alága," ni Bàbá sọ fún onígbàjámọ̀ nígbà tí èémí rẹ̀ balẹ̀. "Sọ fún un bí o ṣe sọ ọ́ yẹn."

"Alága ńkọ́? Bí mo bá ń gẹ orí rẹ̀, ó máa ń pa fóònù. Mo rò pé ìyàwó ló ń sá fún. Àtùpà ti ń dúpẹ́ lọ́wọ́ òun náà, ẹ lọ wádìí."

Bàbá Onílé dìde, ó wá fìlà rẹ̀, ó dé e. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ wá jọ ojú rẹ̀.

Nígbà tí Ìyá Alágbàfọ̀ fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà. "Bàbá, ti ara ògiri yẹn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi tèmi sílẹ̀. Àwọn tó ní aṣọ ṣì ń wá mi. Ohun tí wọ́n lè rí níbẹ̀ kò ju nọ́ńbà lọ."

"Ẹ ò fẹ́ kúrò, àbí? Wọ́n ní ẹ ń di ẹrù."

"Mo ń tún ibẹ̀ ṣe ni."

Ó wò ó, ó sì jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó jáde sí bákónì, ó wo táǹkì gbígbẹ tó wà lókè orí wọn, ó wo kẹ̀kẹ́ tó kó kẹ́ẹ̀gì òfìfo nísàlẹ̀. "Ká sọ tòótọ́, Ìyá," ó rẹ ohùn sílẹ̀ kí onígbàjámọ̀ má gbọ́, "ọ̀rọ̀ omi tí obìnrin yẹn sọ nígbà náà. Kò burú."

"Kò burú, Bàbá," ni Ìyá Alágbàfọ̀ sọ. Kò fi ọ̀kan kún un.

Ọjọ́ ìbò dé. Wọ́n tò sórí ìlà kan náà, òun níwájú, Bàbá Onílé lẹ́yìn rẹ̀, fìlà alátẹ̀gùn lórí. Onígbàjámọ̀ sùn. Ìyá Alágbàfọ̀ wọ ẹ̀yìn aṣọ, kò pẹ́ níbẹ̀ rárá, àtàǹpàkò rẹ̀ mọ ọ̀nà. Ó jáde, ó dúró lábẹ́ igi de Bàbá. Bàbá náà wọlé, ó pẹ́ díẹ̀, ó jáde, ó ń fẹ́ yíńkì ọwọ́ rẹ̀ kó gbẹ.

Wọ́n jọ ń bọ̀ nílé lẹ́sẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Fóònù kan dún nínú àpò ọ̀kan nínú wọn, ẹnikẹ́ni kò wo èyí tó jẹ́.

"A ti ṣe é," ni Bàbá Onílé sọ.

"A ti ṣe é," ni Ìyá Alágbàfọ̀ dáhùn, ó sì ya lọ wo aṣọ tó sá sóòrùn.